Lẹ́tà sí Àkànní: Owó Tó Ń Dúró De Ogun

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Gbogbo wa nílé ń ṣe dáadáa, àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Mi ò fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí o máa dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Ìdí tí mo fi jókòó ti tábìlì tí a fi ń po fúláwà nìyẹn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ.

O ní o fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín, kó o fi ra epo rọ̀bì lórí fóònù, kó o lè jèrè bó bá gbówó lórí, torí ìró ogun tún gba ayé kan. O tiẹ̀ pòwe fún mi pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n. Lẹ́yìn náà lo sọ gbólóhùn tí kò jẹ́ kí n sùn: "Màámi, kí wọ́n tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́la." Àyà mi já. Owó ló sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ, mo mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń kó ọmọ rẹ̀ sá kiri.

Ṣé o rántí ọdún 2022? ASUU ló dá ọ dúró sílé nígbà náà. Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì. Àwọn méjèèjì ló ń ta ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àlìkámà tó ń wọ ọjà àgbáyé, àlìkámà yẹn náà sì ni fúláwà wa. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta, owó rẹ̀ ní Chicago, ọjà Amẹ́ríkà tí ayé ń wò láti mọ owó àlìkámà, ti ga ju bó ṣe ga rí lọ. Àlìkámà ò tán láyé o. Ọkọ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde ní èbúté Odesa ní Ukraine, gbogbo ẹni tó ń rà á sì ń rà á bíi pé kò ní sí mọ́ láé.

Alágbàtà tó ń kó fúláwà fún mi ní kí n rà á pamọ́, pé yóò di ìlọ́po méjì. Mo ra ọgọ́rin àpò. Ìwọ lo bá wọn gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn. O mọ bó ṣe parí: òjò oṣù Kẹfà dé, omi gba abẹ́ ògiri wọlé. Lọ́jọ́ tí mo ki ọwọ́ bọ àpò kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gan bíi sìmẹ́ǹtì, kòkòrò pupa kéékèèké sì ń gba àárín ìka mi kọjá. Àpò mẹ́tàdínlógún ni mo tà lówó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹja. Ohun tí o kò mọ̀ ni ibi tí owó náà ti wá. Owó alájẹṣẹ́kù ni, tí mo gbà pé mo fẹ́ fi ra ààrò tuntun. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi san án díẹ̀díẹ̀. Ààrò àtijọ́ yẹn náà la ṣì ń lò títí dòní.

Ní oṣù Keje ọdún yẹn, owó àlìkámà ní Chicago ti padà síbi tó wà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ogun ṣì ń jà. Níbí, fúláwà ò wálẹ̀, torí náírà ń já.

Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló kọ́kọ́ là mí lójú sí i, ó kàn jẹ́ pé mo ti gbàgbé nígbà tí alágbàtà yẹn dé. Ìráàkì gba Kùwéètì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1990. Epo rọ̀bì tí àgbá kan rẹ̀ wà ní bíi dọ́là 20 ti kọjá 40 nínú oṣù Kẹwàá. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé bí Amẹ́ríkà bá fi lè ju bọ́ǹbù sí Ìráàkì, owó epo ò ní ṣeé gbọ́. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1991 sì mọ́. Rédíò ò kúrò létí Bàbá rẹ. Wọ́n pè mí pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, wọ́n ní kí n wá gbọ́ nǹkan: epo ti já láti bíi dọ́là 32 sí bíi 21, lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Wọ́n ní ohun tó ń ba àwọn olówó lẹ́rù ni pé kí kànga epo Saudi má lọ jóná. Ilẹ̀ mọ́, kò jóná, ẹ̀rù tán, owó sì bá ẹ̀rù lọ. Àkànní, ogun tí ò ń fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́la gan-an lè jẹ́ ohun tó máa já owó rẹ lulẹ̀. Ogun àwítẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ni wọ́n wí i fún. Kí ìró rẹ̀ tó dé orí WhatsApp wa, àwọn tó ń fi èyí jẹun ti ra tiwọn, ẹni tí wọ́n máa tà á fún ni wọ́n ń wá.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn tó ń ta epo lórí fóònù yẹn á jẹ́ kó o fi dọ́là 100 ra ọjà dọ́là 1,000, àwọn ló máa yá ọ ní ìyókù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 2022, àgbá kan epo Brent, irú epo rọ̀bì tí wọ́n fi ń díwọ̀n owó epo láyé, fọwọ́ kan dọ́là 139. Ní ọjọ́ 9, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún já lára rẹ̀, ó parí sí 111. Ogun ò dúró lọ́jọ́ náà. Aṣojú United Arab Emirates, orílẹ̀-èdè kan tó ń ta epo, ló kàn sọ pé àwọn fẹ́ kí epo tó ń jáde pọ̀ sí i. Ìdá 13 nínú dọ́là 1,000 jẹ́ 130. Ọgọ́rùn-ún tìrẹ ti lọ kó o tó jí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, epo tún gòkè lọ sí bíi 120, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti tì jáde nígbà tí owó rẹ̀ tán ò sí níbẹ̀ mọ́. Gbèsè alájẹṣẹ́kù nìkan ló kù.

Mi ò ní kó o má dókòwò. Bó bá jẹ́ owó tó o fi òógùn rẹ kó jọ ni, tí o lè fi sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìbojú wẹ̀yìn, màá gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n bí epo bá gbówó lórí, dísù tí mo fi ń tan jẹnẹrétọ̀ á gòkè, owó ọkọ̀ rẹ á gòkè, búrẹ́dì náà á gòkè. Ogun ti wà nínú owó oṣù rẹ kó o tó ra epo kankan. Owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́ta ni kó o kọ́kọ́ fi pamọ́.

Fúráìdé lo ní o máa tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó náà. Pè mí ní Thursday, lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, mo máa ti sinmi. Mo fi búrẹ́dì mẹ́rin rán dírẹ́bà tó ń ná Ọjọ́ta. Tètè lọ gbà á, kó má lọ bu nínú ooru mọ́tò.

Èmi ni ìyá rẹ.