Ẹ má pe aránṣọ yín ní ọ̀lẹ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, wọ́n sì bí fòníkú-fọ̀ladìde (àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell) mọ́ mi. Oníbàárà kan bá mi lórí ẹní lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́sàn-án, ó ní ọ̀lẹ ni mí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Tèmi, bóyá 10 sí 20. Níbo ni okun á ti wá?

Àárọ̀ kùtù ni mo ń gé aṣọ, kí oòrùn tó mú. Orí àga ni mo ti ń lọ̀ ọ́, ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aṣọ ẹbí mẹ́ta péré ni mo ń gbà lọ́sẹ̀ (ìyá mi ṣì ń bínú sí èyí). Ẹ bá mi sọ fún obìnrin náà pé bùbá rẹ̀ ti yá láti Ọjọ́bọ̀.

Aránṣọ kan, Ìbàdàn