Kóńgò ìrẹsì méjì ló pín àdúgbò wa

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lóṣù Kẹrin ọdún 2020, àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́ràn. A ti ìsọ̀ pa. Kódà, a pa Ojúde Ọba tì lọ́dún náà, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ gbé ìrẹsì ìrànwọ́ dé àdúgbò wa. Ìwé wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń pín in, àmọ́ orúkọ opó kò sí níbẹ̀, ti arúgbó náà kò sí, àfi àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Kóńgò méjì péré! Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ìyá tó ń ta ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tó da omi púpọ̀ sí gàárì ife kan, tó ń dúró kó wú dáadáa kí ọmọ mẹ́ta lè rí i jẹ. Títí dòní, ilé méjì tó ń fa omi nínú kànga kan náà kì í kí ara wọn mọ́.

Àrùn Kòrónà kò béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí àwọn aṣáájú wa fi béèrè? Lóṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn èèyàn bá oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọn kò tíì pín nínú ilé ìkẹ́rùsí l'Ékòó, ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ẹ lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó gba ìrẹsì yẹn mọ́ ògiri, ká rí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìjẹ̀bú-Òde