Àìlówó kọ́ ló sọ Mario Bava di ọ̀gá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí Mario Bava, olùdarí fíìmù adẹ́rùbani ará Ítálì nì, mo sì dúpẹ́ pé ẹ tiẹ̀ rántí rẹ̀. Láti ọdún 1980 ló ti kú, kì í sì í ṣe ẹni tí ìwé ìròyìn wa máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fi sílẹ̀ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní àìlówó ló sọ Bava di ọ̀gá, pé ká ní ó rí owó gidi ná ni, a ò bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀. Èmi ò gbà. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n bá kó ìyìn rẹ̀ fún òṣì.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé baba rẹ̀ bọ̀. Ìlú Sanremo létí òkun ni wọ́n bí i sí, ní oṣù Keje ọdún 1914. Eugenio, bàbá rẹ̀, ń gbẹ́ ère, ó sì ń fi kámẹ́rà ya fíìmù láti ìgbà tí fíìmù kò tíì máa sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n máa ń ké sí bí wọ́n bá fẹ́ kí ohun tí kò sí rárá ó hàn nínú àwòrán. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni Mario ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ilé tàbí òkè sára dígí, tí wọ́n á gbé dígí náà síwájú kámẹ́rà, tí òǹwòran á sì búra pé ààfin gidi lòun rí. Nígbà tí wọ́n fi máa fún un ní fíìmù tirẹ̀ láti darí, ní 1960, ó ti lo bí ogún ọdún nídìí kámẹ́rà. Àpilẹ̀kọ yín ní ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ló ń tún ṣe ni.

Ẹ wo I vampiri, ti ọdún 1957. Riccardo Freda ni olùdarí rẹ̀, Bava ló wà nídìí kámẹ́rà. Freda bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, Bava ló bá wọn parí rẹ̀. Ìran kan wà nínú fíìmù yẹn tí arẹwà obìnrin kan di arúgbó kùjọ́kùjọ́ níṣojú wa, tí wọn ò sì gé àwòrán rárá. Nítorí pé fíìmù dúdú-òun-funfun ni, ọgbọ́n rẹ̀ kò le púpọ̀ bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ. Wọ́n fi ìpara pupa ya ojú hunjọ fún obìnrin náà. Tí iná pupa bá wà lójú rẹ̀, ìpara pupa kò ní í hàn. Tí wọ́n bá wá rọra mú iná pupa kúrò, tí wọ́n fi iná aláwọ̀ mìíràn rọ́pò, gbogbo ìlà yẹn á yọ jáde dúdú. Òun kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀ o, wọ́n ti lo irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1931. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, níbo ni àìlówó ti wọ inú rẹ̀? Ìmọ̀ nípa iná ni.

Fíìmù tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni La maschera del demonio, tí Barbara Steele ti ṣe èèyàn méjì, àjẹ́ àti ọmọbìnrin tí àjẹ́ náà fẹ́ gbà lára wọlé. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí wọ́n fi hàn lọ́dọ̀ wọn títí di 1968. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Sei donne per l'assassino, ọdún 1964, nípa ìpànìyàn nílé ìránṣọ olówó ńlá. Iná elésè àlùkò á wá láti ọ̀tún, aláwọ̀ ewé á wá láti òsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gílóòbù kan nínú yàrá náà tó lè tan irú iná bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà kan bá ní kí n ya òun bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, màá ní orí rẹ̀ ti dàrú. Síbẹ̀, bí Bava ṣe ń tò ó, ojú wa kì í bi í léèrè ibi tí iná ti wá. Lára fíìmù yìí ni àwọn giallo, fíìmù ìpànìyàn àwọn ará Ítálì, tó tẹ̀ lé e ti kọ́ apànìyàn oníbọ̀wọ́ dúdú, tí Dario Argento, olùdarí ará Ítálì mìíràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi lówó lẹ́yìn náà.

Mo mọ ohun tí òǹkọ̀wé yín rí tó fi sọ ohun tó sọ. Ó rántí Terrore nello spazio, ti 1965, tí Bava máa ń fi ṣàwàdà pé àpáta oníke méjì péré ni wọ́n fún òun láti fi ṣe odidi ayé mìíràn. Ó fi dígí sọ méjì di púpọ̀, ó fi èéfín bo ìyókù. Ó rántí Reazione a catena, ti 1971, tí wọ́n ti ń mi ẹ̀ka igi níwájú lẹ́ǹsì kí ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má nígi lè dà bí igbó. Ìtàn wọ̀nyí dùn gbọ́, èmi náà máa ń sọ wọ́n. Àmọ́ ẹ fún ẹlòmíràn ní àpáta oníke méjì yẹn, kí ẹ wo ohun tó máa fi ṣe.

Kí wá ni àìlówó fúnra rẹ̀ ṣe fún un? Nígbà Operazione paura, ní 1966, wọ́n ní owó tán kí iṣẹ́ tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ṣe èyí tó kù lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù náà dára gan-an, àfi bí ẹni pé èyí á wá dá ìyà náà láre! Lisa e il diavolo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún fíìmù Cannes ní 1973, kò rí ẹni rà á. Nígbà tí The Exorcist, fíìmù Amẹ́ríkà lórí lílé ẹ̀mí èṣù, wá gbòde kan, Alfredo Leone tó gbé fíìmù náà jáde ní kí wọ́n já iṣẹ́ Bava sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi fáda tó ń lé ẹ̀mí èṣù há a láàárín, wọ́n sì tún un tà ní 1975 pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ẹ bá mi wo ẹ̀dà méjèèjì, kí ẹ tó máa yin àìlówó.

Ẹni tó bá fẹ́ já mi níyàn, kó mú Diabolik wá, ti 1968. Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé Dino De Laurentiis, agbéfíìmùjáde rẹ̀, ya mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là sọ́tọ̀ fún un, Bava sì ná nǹkan bí 400,000 péré. Ìtàn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè mí, mo mọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó lè fi dígí àti àwòrán tí wọ́n gé nínú ìwé kọ́ ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ kò ní í béèrè owó sìmẹ́ńtì. Owó wà níwájú rẹ̀, òun ló pinnu pé òun ò nílò rẹ̀. Ti àpáta oníke kọ́ nìyẹn.

Ó dá mi lójú pé òun náà dá kún àṣìlóye yìí. Kò yé fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń gba iṣẹ́ tí kò tọ́ sí i. Ní òpin ayé rẹ̀, ó bá Argento ṣe àwọn àwòrán àrà inú Inferno, wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sára fíìmù náà.

Ohun kan tó kù ni àtúnṣe. Àpilẹ̀kọ yín ka Cani arrabbiati mọ́ àwọn fíìmù rẹ̀ tó kùnà lọ́jà. Ọdún 1974 ló yà á, inú ọkọ̀ kan ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nínú ooru, kò sì sí iwin kankan níbẹ̀. Gbèsè wọ agbéfíìmùjáde rẹ̀ lọ́rùn, ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù, ó sì di àwọn ọdún 1990 kí ará ìta tó fojú kàn án. Kò sí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rí nígbà ayé Bava, torí náà kò lè kùnà lọ́jà tí wọn ò gbé e dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ìyẹn kọ nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán kan, Abẹ́òkúta