Má kọ “a dúpẹ́” sí mi mọ́

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ti ọjọ́ Ẹtì. “A dúpẹ́, Màámi. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ẹ má ṣèyọnu.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lo kọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè, wọ́n ní o ti pa fóònù. Nígbà tó dalẹ́ o ní kò síná. Ta ló níná? Tíráńsífọ́mà àdúgbò wa níbí ti bàjẹ́ tipẹ́, a ò mọ ìgbà tí wọn yóò tún un ṣe, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ á wá ibi tí yóò ti fi fóònù sí chájì. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ: ṣé ò ń jẹun?

Ọmọ Ìyá Rúùtù tó ń gbé ní Bukuru, nítòsí Jọ́ọ̀sì níbi tí o wà, wálé wá sin bàbá ọkọ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo lọ wádìí lẹ́nu rẹ̀ o. Òun ló wá bá mi nídìí àtẹ, tó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọn ò ti san owó fún ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ètò tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́ yẹn, pé àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun ti dáwọ́ dúró. Ó ní òun rí ọ ní ọjà Farin Gada, o wé ìborùn bojú, ò ń bá wọn ṣa pòtétò sínú àpò. Mo ní bóyá o lọ ra ọjà ni. Nígbà tó lọ tán, mo wọn kóńgò ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà, iye tí mo ti wọ̀n sì dàrú mọ́ mi lójú. Mo ní kó kúkú máa gbé e lọ.

Pòtétò ṣíṣà kọ́ ló dùn mí, Àṣàkẹ́. Ẹ̀lùbọ́ tí mo ń tà ni mo fi rán ẹ̀yin méjèèjì níwèé, iṣẹ́ ọwọ́ kò lè tì mí lójú. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ irọ́ ni, kí ló dé tí o ò gbé fóònù kí o sọ pé irọ́ ni?

Èmi náà ń gbọ́ rédíò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí Trump padà sórí oyè ní Amẹ́ríkà, tó ní kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, mo gbọ́ bí ọ̀pọ̀ ètò ṣe dẹnu kọlẹ̀ káàkiri, tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Nígbà tí o sọ fún mi pé o ti ríṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ohun àkọ́kọ́ tí mo bi ọ́ nìyẹn. O ní tiyín kì í ṣe owó Amẹ́ríkà, pé orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń san án. Mo gbà. Inú mi dùn débi pé mi ò bèèrè ìgbà tí owó yóò tán, mi ò bèèrè iye oṣù tí wọ́n kọ sínú ìwé tí o fọwọ́ sí. Ó yẹ kí n bèèrè.

Nígbà tí a fi fóònù rí ara wa gbẹ̀yìn, o gbé e sún mọ́ ojú débi pé imú rẹ àti iwájú orí nìkan ni mo ń rí. Mo ní kí o fi yàrá rẹ hàn mí, o ní ó rí jágbajàgba. Fóònù wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, mo rí egungun ọrùn rẹ méjèèjì bí wọ́n ṣe yọ síta. O ní òtútù ni. Òtútù wo ló ń jẹ ẹran ara? Mo mọ òtútù Jọ́ọ̀sì, òkè ni ìlú náà wà, tó bá di ìgbà ọyẹ́ ètè á máa là. Ṣùgbọ́n òtútù kì í sọ ènìyàn di egungun. Má pa irọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ara bàbá rẹ le. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ti ń fúnra rẹ̀ ka Bíbélì, tí òsì ló kù. Kànga ti gbẹ, omi oníkẹ̀kẹ́ là ń rà. Dàpọ̀ wà ní Èkìtì tó ń sin ilẹ̀ baba rẹ̀, 77,000 tí ìjọba ń fún wọn báyìí ló ń gbà, èyí tó sàn ju 33,000 ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó ní òun fẹ́ yọ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, pé o ò dá òun lóhùn nígbà tí òun bèèrè nọ́ńbà àkáǹtì rẹ. Fún un. Má sọ pé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n.

Ní ti ọmọkùnrin Èkó yẹn, mi ò ní dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lọ, kó máa lọ ire.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí o kúrò nílé, lẹ́yìn tí iṣẹ́ Èkó ti bọ́, tí o ti ta fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì, tí gbogbo ẹrù rẹ kò ju àpò méjì lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà níṣojú bàbá rẹ àti àbúrò rẹ, mo ní, “Máa lọ, àmọ́ má fi ọwọ́ òfo padà wá bá mi o. Ẹnu ayé ti sú mi.” O ò fèsì. O bẹ̀rẹ̀, ò ń so okùn bàtà tí o ti so tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé o ti so ó. Mo rí i, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ọkọ̀ dé, o wọlé.

Mo ti kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Ṣé o gbọ́? Bó bá jẹ́ òun ló ń dí ọ lẹ́nu, mo ti kó o jẹ. Ọwọ́ òfo rẹ wù mí ju ìròyìn rẹ lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí. Ẹ mọ̀ pé Tamale ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí, bí wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sí ibẹ̀. Aṣọ ni bàbá mi ń tà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ bàbá mi wà níta, kò rí i gbà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé aládùúgbò lọ́wọ́, a gun ọkọ̀ akẹ́rù wá sí ìlú tí àwa ọmọ kò mọ̀ rí. Èyí tí ẹ ti gbọ́ nìyẹn.

Èyí tí ẹ kò gbọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Jọ́ọ̀sì tí ẹ bá láyé nígbà tó ti darúgbó, ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Jọ́ọ̀sì nígbà náà, ọjà sì ń tà. Ó máa ń kọ̀wé pé báwo ni nǹkan. Èmi tí mo wà nílé ìwé ni bàbá mi máa ń ní kí n bá òun kọ èsì. Á jókòó lórí àpótí, á wúkọ́, á ní, “Kọ ọ́ pé: bí ẹ bá bèèrè nípa tiwa, a dúpẹ́. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Owó kò wọ́n wa.” Mo ń kọ ọ́, ebi ń pa mí. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń pín ẹ̀kọ kan sí méjì. Mo gbójú sókè wò ó, ó fi ojú sọ fún mi pé kí n máa kọ̀wé mi. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó rẹwà tí tíṣà máa ń yìn.

Ìgbà tí Bàbá Jọ́ọ̀sì wálé wá sìnkú ló rí wa. Ó wo àwọn àbúrò mi, ó wo ìkòkò, ó wọ yàrá bàbá mi, ó tún jáde. Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò agbádá rẹ̀, ó ní, “Ta ló kọ èyí?” Bàbá mi kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ pé èmi ni. Ó ní, “Owó wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò yìí. Ẹ̀ẹ́ṣe tí ẹ ò sọ fún mi?” Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àgbàlá wa, ó sunkún lójú gbogbo wa.

Nígbà tí mo bá ka “a dúpẹ́, Màámi” lórí fóònù, lẹ́tà tí mo kọ nígbà yẹn ni mò ń rí. Ṣé ebi kò pa ọ́?

Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo sọ fún gbogbo ìyá ìjọ nípa àwọn ọmọkùnrin méjì tí o ròyìn wọn fún mi, Mùsùlùmí láti Angwan Rogo àti Kristẹni láti òdìkejì, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í kọjá sí àdúgbò èkejì, tí wọ́n wá ń du súkúrúdíráfà kan ṣoṣo láti tú fóònù, títí ọ̀kan fi di fóònù mú tí èkejì ń tú u. Mo sọ ọ́ débi pé Ìyá Rúùtù ní ó tó. Àmọ́ iṣẹ́ rere kò ní kí wọ́n má san owó. Gbé ìwé tí o fọwọ́ sí jáde, kà á, wo ọjọ́ tó parí. Kọ̀wé sí ọ̀gá yín, má fi ẹnu lásán sọ ọ́, kí o kọ iye oṣù tí wọ́n jẹ ọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ní sùúrù, bèèrè pé títí di ìgbà wo. Kí o sì yéé fi owó ara rẹ ra òwú àti abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ aṣọ rírán. O rò pé mi ò rántí? Ìwọ lo sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ, tí o ń rẹ́rìn-ín.

Má rìn lálẹ́. O mọ ìdí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, oyún Dàpọ̀ wà nínú mi, a ò mọ̀ bóyá Bàbá Jọ́ọ̀sì àti àwọn ará ilé rẹ̀ wà láàyè tàbí wọn ò sí. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ọjà ńlá jóná, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá a lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ nínú ìsọ̀ onípákó, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí i tí àwọn obìnrin ọjà ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, má bèèrè ìdí, máa lọ sílé. Kọ́ Hausa ju “sannu” àti “ina kwana” lọ. Kí o sì wá àwọn ọmọ ìlú wa kàn. Wọ́n ṣì pọ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ láti lọ láìní nǹkan lọ́wọ́. Lọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Bàbá Jọ́ọ̀sì tó láti fi gba àwo oúnjẹ kan.

Ẹrù tí mo dì wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, yóò pè ọ́ tó bá dé. Ẹ̀lùbọ́, gàrí, irú àti ata gígún wà níbẹ̀, pẹ̀lú súwẹ́tà bàbá rẹ tí kò wọ̀ mọ́. Má pín ẹ̀lùbọ́ yẹn fún àwọn ọmọ ètò yín. Mo mọ̀ ọ́. Jẹ ẹ́.

Owó ọkọ̀ láti Jọ́ọ̀sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo ti yà á sọ́tọ̀, kò sí ohun tí màá fi ṣe. Mi ò pàṣẹ pé kí o wá. Mo kàn ń sọ fún ọ pé ó wà.

Pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Pè mí, má kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Sọ iye tí wọ́n jẹ ọ́ fún mi, kí o sì sọ ohun tí o jẹ lọ́jọ́ náà àti èyí tí o jẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o ò jẹ nǹkan kan, sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní pariwo. Bàbá rẹ kò ní gbọ́, bí o kò bá fẹ́ kó gbọ́.

Èmi ni,
Màámi rẹ