Ẹ bá wa bi àwọn tó ń wá helium bóyá ó ṣàn

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìròyìn tẹ́ ẹ̀ ń gbé lórí helium, gáàsì fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń fi sínú bàlúù yẹn, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ní Yábàá níbí, àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń fi fóònù ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ tó ń wá helium lókè òkun, wọ́n á ṣáà ti gbọ́ pé kànga kan gbé 8,000 ppm (ìyẹn ìdá 8,000 nínú mílíọ̀nù kan) jáde báyìí, owó ti wọlé nìyẹn, wọn ò ní bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, 10,000 ppm ló ń jẹ́ 1%, torí náà 8,000 ò tíì pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kò kéré o, inú afẹ́fẹ́ tá à ń mí sínú yìí, bíi 5 ppm péré ló wà ńbẹ̀. Àmọ́ ibo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Tó bá jẹ́ inú ẹrẹ̀ tó ń ti ẹnu dírílì bọ̀ wá sókè ni, ohun tó kàn sọ ni pé helium wà nísàlẹ̀ yẹn, kò sọ bóyá ó máa jáde. Ẹni tó ti gbẹ́ bọ́hòlù rí l'Ékòó mọ̀ pé yanrìn tútù kì í ṣe omi, àfi tí wọ́n bá gbé pọ́ńpù sí i tí wọ́n sì fà á títí.

Ẹ wo Rukwa, ibi tí wọ́n ti ń wá helium ní Tàǹsáníà. Ní 2021, helium fara hàn nínú ẹrẹ̀ kànga Tai-1, àmọ́ gáàsì kankan ò ṣàn wá sókè. Ìgbà tó di 2024 tí wọ́n dán kànga mìíràn níbẹ̀, Itumbula West-1, wò, gáàsì jáde lóòótọ́, helium inú ẹ̀ sì jẹ́ 4.7%. Ìròyìn méjèèjì yìí ò dọ́gba rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa kọ wọ́n bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìdá yẹn nìkan náà ò sì tó o. Ní Qatar, helium inú gáàsì wọn ò tó 0.1% rárá, síbẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó ń tà á jù láyé, torí gáàsì tí wọ́n ń fà jáde lójúmọ́ pọ̀ kọjá sísọ. Kànga tó ní 10% tó wá ń yọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi, tí agbára tó ń ti gáàsì ẹ̀ jáde ń lọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé irú ìròyìn yìí, ẹ bá wa kọ ọ́ síbẹ̀: ṣé inú ẹrẹ̀ ni àbí inú gáàsì tó ṣàn, báwo ló ṣe pẹ́ tó tó fi ń ṣàn, kí ló bá a jáde, ṣé agbára ẹ̀ padà nígbà tí wọ́n tì í pa.

Òǹkàwé yín,
Yábàá, Èkó