Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn lórí owó ìhun

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn àti gbogbo Káńsẹ́lọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá, ẹ jẹ́ kí a sọ ẹni tí a jẹ́, torí àwọn èèyàn máa ń ṣì wá mú. Àwa kọ́ la ni òfì, àwa kọ́ la ń ta aṣọ fún àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn. Àwa la jókòó sídìí òfì. Ọ̀gá á gbé òwú fún wa, a ó hun ún, wọn á ka iye gèlè tàbí ìró tó jáde, wọn á san owó ìhun. Bí òwú bá tán lọ́wọ́ ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ náà gbé nìyẹn.

Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa bù sí i, ó di ₦80,000. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ nídìí iṣẹ́, inú wa sì dùn. Ọmọ iṣẹ́ kan bèèrè pé, "Ọjọ́ wo ni tiwa máa bẹ̀rẹ̀?" Ẹ̀rín ni gbogbo ilé òfì fi dá a lóhùn. Òfin owó oṣù ti ọdún 2019, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024, yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó tún yọ ẹni tó jẹ́ pé iye iṣẹ́ tó bá ṣe ni wọ́n ń ṣírò owó rẹ̀ lé lórí. Àwọn ilé òfì tí a mọ̀, èèyàn mẹ́rin, èèyàn mẹ́fà ni, kò sì sí ẹni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kò bá tì mọ́ wa, èkejì á tì.

Gàrí kò sì bèèrè bóyá òfin yọ èèyàn sílẹ̀ kó tó gbówó lórí. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já, òwú wọ́n, aṣọ náà wọ́n. Ọ̀gá fi tiwọn lé e, oníṣòwò fi tiwọn lé e. Owó ìhun ló jókòó síbi tó wà.

À bá fẹ́ kí Alága yà sílé òfì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n á rí òwú tí a ta gba iwájú ilé lọ bí okùn ìsáṣọ, tí ẹrù òkúta dì í mú lópin. Ẹsẹ̀ wà lórí ìtẹsẹ̀, ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀, igi tó gbé òwú, láti ọ̀tún sósì, láti òsì sọ́tùn-ún, aṣọ tó ń jáde kò sì fẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí òwú kan bá já láìfura nínú aṣọ ẹtù, ìlà tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ti bàjẹ́, a ó tú u. Kò sẹ́ni tó ń sanwó títú.

Èmi akọ̀wé tí mò ń kọ ìwé yìí hun aṣọ ìgbéyàwó fún ọ̀gá kan tí n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù kí oníbàárà sanwó. Mo rí fọ́tò ìgbéyàwó náà lórí Facebook, ìyá ìyàwó dúró dáadáa nínú aṣọ mi, kí n tó rí kọ́bọ̀ owó ìhun.

Ìṣirò wa kò le. Bí a bá pín ₦80,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó jẹ́ nǹkan bí ₦3,077 lójúmọ́. Gèlè tó bá gba ọjọ́ kan àbọ̀, kí owó ìhun rẹ̀ má dín ní ₦4,615. Ẹtù tó bá gba ọjọ́ mẹ́ta, kí ó má dín ní ₦9,231. Ohun tí a ń bèèrè kò ju èyí lọ. Nígbà tí owó Ìpínlẹ̀ bá yí padà, kí tiwa náà yí.

A mọ èsì àwọn ọ̀gá wa, kì í sì í ṣe irọ́: aṣọ tí ẹ̀rọ hun ní Ṣáínà ti wọ ọjà, ó dà bí òfì, ó sì pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pọ́ọ́kú ti lọ síbẹ̀ ná. Ẹni tó gba ọ̀nà Moníyà wá sí Ìsẹ́yìn, aṣọ ọwọ́ ló ń wá, ọwọ́ náà sì ti ń dín. Àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó gba òfì lọ́wọ́ wa ti ń gun ọ̀kadà.

Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára yín, torí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin orílẹ̀-èdè fi ọ̀rọ̀ ọjà sí. Lọ́dún 1954, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà Awólọ́wọ̀ fi ṣílè márùn-ún lójúmọ́ lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù lọ. Àwọn bàbá wa ṣì ń sọ ọ́.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ pe àwọn ọ̀gá, àwa ahunṣọ, àti aṣojú ààfin Aṣẹ́yìn jókòó, kí a jọ kọ iye owó ìhun oríṣiríṣi aṣọ sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà níbi tí gbogbo ojú ti máa rí i. Kí ìwé náà sọ pé ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tí aṣọ bá jáde ni owó ìhun gbọ́dọ̀ jáde, yálà oníbàárà ti san tàbí kò tíì san. Ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù ìjọba ìbílẹ̀ láti fi ta òfì, kí ẹ fi iye yìí kún ìwé àdéhùn rẹ̀. Àti ẹ̀yin fúnra yín: nígbà tí ẹ bá ra òfì fún àlejò tàbí fún ayẹyẹ ìlú, ẹ bèèrè iye tí wọ́n san fún ẹni tó hun ún. Ibẹ̀ la fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn kò nílò ìpàdé kankan.

Ìjà kọ́ la bá wá o. Ọ̀gá wa ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ṣẹ́. A ti yan èèyàn márùn-ún tó máa bá yín jókòó lọ́jọ́ tí ẹ bá dá. Kó ṣáà má jẹ́ ọjọ́ ọjà, torí ọjọ́ yẹn làwọn ọ̀gá ń gba aṣọ lọ́wọ́ wa.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé,
fún àwa ahunṣọ òfì tí ń gba owó ìhun, Ìsẹ́yìn.