Àdùkẹ́, jẹ́ kí Àánú padà sí ilé ẹ̀kọ́

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí oorun tó gbé mi lọ. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ibi tí o ti sọ pé òùngbẹ ń gbẹ Àánú ṣáá, pé ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tún bẹ̀rẹ̀, pé aṣọ rẹ̀ ti ń fẹ̀ jù lára rẹ̀, mo ti mọ ìyókù kí n tó kà á. Bí tiwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn. A dúpẹ́ pé ẹ tètè gbé e dé ilé ìwòsàn.

O bi mí bóyá ṣúgà tí ó ń lá ló fà á. Rárá o. Irú àtọ̀gbẹ tó ń mú àwọn ọmọ wa yìí, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń ba ibi tí insulin, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ti ń jáde jẹ́. Kì í ṣe oúnjẹ tí o fún un, kì í ṣe oúnjẹ tí o kò fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ òmíràn fún ọ, dákẹ́ kí o máa wò ó.

O wá ní o fẹ́ mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún kan, kó wà níbi tí ojú rẹ ti tó o. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, mo tiẹ̀ ti kọ ìwé sí ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Wíwọn ṣúgà àti gígún abẹ́rẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọwọ́ á fi mọ́ ọn. Ojú ni wàhálà. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, bẹ́ẹ̀ tíṣà Àánú ló ń wò ó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Iṣẹ́ rẹ báyìí ni kí o yá tíṣà yẹn ní ojú rẹ.

Mi ò mọ èyí níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Tọ́pẹ́ ọmọ mi padà sí kíláàsì, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà, ó ju pẹ́ńsùlù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun kò kọ nǹkan kan, ó sì gbé orí lé tábìlì. Tíṣà ní kó dìde, ó jágbe mọ́ tíṣà. Ni wọ́n bá ní kó lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì. Ọmọdébìnrin kan tó jókòó nítòsí ibẹ̀ ló pariwo pé, "Tíṣà, ọwọ́ Tọ́pẹ́ ń gbọ̀n, òógùn sì bò ó." Nígbà tí wọ́n fi máa wọn ṣúgà rẹ̀, 48 ló wà. (Òṣùwọ̀n mg/dL ni ẹ̀rọ tiwa ń kà, tiyín lè máa ka mmol/L. 48 tiwa kò tó 3 tiyín.)

Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé Bàbá Tọ́pẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó ná. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo gbé ìwé tí mo fún ilé ẹ̀kọ́ jáde, mo tún un kà. Ojú ìwé mọ́kànlá! Ta ló fẹ́ ka ojú ìwé mọ́kànlá nígbà tí ọgbọ̀n ọmọ ń pariwo níwájú rẹ̀? Mo kọ òógùn síbẹ̀, mo kọ ebi, mo kọ ara gbígbọ̀n, ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́ síbì kankan pé ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ lè máa ṣe bí olóríkunkun. Ṣúgà ni ọpọlọ ń jẹ. Tí kò bá rí i jẹ, ọmọ á máa kanra, á máa sunkún láìnídìí, á máa wò ọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. Tíṣà kò hùwà ìkà, ohun tí mo fi hàn án ni kò tó.

Nítorí náà, ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí o kọ. Lẹ fọ́tò Àánú mọ́ ọn lókè. Kọ́kọ́ kọ bí òun ṣe máa ń rí tí ṣúgà rẹ̀ bá ń wálẹ̀, èyí tí ìwọ fúnra rẹ ti fojú rí, má ṣe kọ ti inú ìwé. Ti Tọ́pẹ́, ètè rẹ̀ máa ń funfun, á sì sọ pé, "Ẹsẹ̀ mi ti di omi." Ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí ìwé wa gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà èyíkéyìí tó bá gbọ́ "ẹsẹ̀ mi ti di omi" mọ̀ pé kò sí àyè ìbéèrè mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Tó bá ti wà lábẹ́ 70 (3.9 tiyín), kí wọ́n fún un ní júùsì tàbí ṣúgà oníhóró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 15 ni wọ́n ń sọ fún àgbàlagbà. Ọmọ kékeré kì í sábà nílò tó bẹ́ẹ̀, 10 ni dókítà sọ fún Tọ́pẹ́, kí tiyín sọ ti Àánú fún ọ. Kì í ṣe ṣokoléètì o, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè dé inú ẹ̀jẹ̀. Tí kò bá sì sí ẹ̀rọ nítòsí, kí wọ́n fún un ní júùsì náà. Ṣúgà tó lọ sókè díẹ̀ nítorí àṣìṣe, a ó mú un wálẹ̀. Èyí tó wálẹ̀ tí ẹnì kan ń ṣiyèméjì lórí rẹ̀, òun ló ń bà mí lẹ́rù.

Fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ èyí: kí wọ́n má ṣe rán ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ lọ sí yàrá nọ́ọ̀sì, bí ọmọ mìíràn tiẹ̀ máa bá a lọ. Ibi tó wà ni kí júùsì ti bá a. Ọmọ lè ṣubú lójú ọ̀nà.

Tó bá dákú, tàbí gìrì mú un, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n lo glucagon, oògùn tó ń gbé ṣúgà sókè, kí wọ́n pe ọkọ̀ ìlera pàjáwìrì, lẹ́yìn náà kí wọ́n tó pè ọ́. Èyí tí a ń fín sí imú wà, èyí tí a ń gún lábẹ́rẹ́ náà wà. A kò tíì lò ó rí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í tẹ̀ lé e lọ.

Ìwé nìkan kò tó. Mo bẹ tíṣà pé kó fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ sílé. Mo kó gbogbo ohun èlò sórí tábìlì, mo ní kó gbá a mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń sá fún abẹ́rẹ́. Mo gún ìka ara mi kó rí i. Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó mí kanlẹ̀, ó na ìka tirẹ̀, ó dijú, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ka 94. "Ṣé kò ju báyìí lọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń kọ́ àwọn tíṣà yòókù. Rí i pé ó kéré tán ẹni mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n ṣe, torí ọjọ́ tí tíṣà yẹn bá ṣàìsàn, ọmọ rẹ á wá sí kíláàsì náà.

Kí wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Mi ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé 312 ni Tọ́pẹ́ wà. Mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ó ń bó èso ni, omi dídùn èso náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n nù ún gbẹ, 128 ni. Ká ní wọ́n ti gún un ní insulin nítorí 312 yẹn ńkọ́?

Oúnjẹ ọ̀sán ló máa gba àkókò rẹ jù. Èmi ni mo ń di ti Tọ́pẹ́. Mo máa ń fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń lẹ bébà mọ́ ìdérí rẹ̀, iye gíráàmù afúnnilókun (èyí tó ń di ṣúgà nínú ara) tó wà níbẹ̀: "Gbogbo rẹ̀, 45. Tí kò bá jẹ èso, 33." Yúnìtì insulin kan fún gíráàmù 30 ni dókítà fún wa, nítorí náà yúnìtì kan àtààbọ̀ ni fún 45. (Má ṣe lo iye tiwa o! Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ó sì máa ń yí padà.) Bèèrè irú bírò abẹ́rẹ́ tó ń ka ìdajì yúnìtì, torí fún ọmọ tó kéré bíi tiwọn, ìdajì kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó dáa kí abẹ́rẹ́ ṣáájú oúnjẹ, nítorí insulin tó yá jù náà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ ọmọdé. Á jẹ ẹnu mẹ́ta, á rí bọ́ọ̀lù, ó parí, abẹ́rẹ́ tó sì ti wọlé kò ṣeé fà jáde. Dókítà gbà fún wa láwọn oṣù àkọ́kọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹun tán, kí wọ́n wá gún iye tó bá ohun tó jẹ mu. Ṣúgà rẹ̀ ń lọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ní báyìí ó ti di ọmọ ọdún méje, ó mọ̀ pé tí òun bá ti gba abẹ́rẹ́, òun gbọ́dọ̀ jẹun tán.

Tó bá lọ sókè ńkọ́? Omi àti ilé ìtọ̀. Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ wà lókè á fẹ́ mu omi, á fẹ́ tọ̀, á sì tún fẹ́ tọ̀. Tíṣà kan tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì sọ pé Tọ́pẹ́ ń fi ilé ìtọ̀ sá fún ìṣirò ni. Mo gbà pé ó ń sá fún ìṣirò, bàbá rẹ̀ náà kò fẹ́ràn ìṣirò, ṣùgbọ́n 290 ni ó wà lọ́jọ́ yẹn. Kọ ọ́ sínú ìwé pé kò nílò láti tọrọ àyè kó tó lọ. Tó bá sì ń bì, tí ṣúgà sì wà lókè, kí wọ́n pè ọ́ kíákíá, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí.

Ọjọ́ eré ìdárayá, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kó tó sáré. Tí kò bá tó 90, kó jẹ nǹkan díẹ̀ ná. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé eré ọ̀sán lè fa ṣúgà wálẹ̀ lóru. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣeré gidi, mo máa ń dìde ní aago méjì òru, mo máa ń fa ọwọ́ Tọ́pẹ́ jáde lábẹ́ aṣọ, mo máa ń gún un, òun kì í tiẹ̀ jí.

A ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá báyìí, tó ń fi iye ṣúgà ránṣẹ́ sí fóònù mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Tí ẹ bá lè rí i, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo pe ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọmọ yín." Àdéhùn wa ni pé tó bá wà lábẹ́ 70, tí mi ò sì rí àtẹ̀jíṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n pè. Má gbàgbé pé ẹ̀rọ yẹn máa ń pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn júùsì, ó ṣì lè máa fi hàn pé ó ń wálẹ̀ nígbà tí ìka ti sọ pé ó ti gbéra. Ìka ni kí wọ́n gbàgbọ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á bèèrè. Tíṣà jẹ́ kí Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ṣàlàyé, ó sì gbádùn rẹ̀ bí ọba. Ẹnì kan bi í bóyá ó máa ń ràn. Ó ní, "Ṣé imú rẹ máa ń ràn?" Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, tíṣà ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ń sọ iye yúnìtì, Tọ́pẹ́ náà ń jẹ kéèkì. Má jẹ́ kí wọ́n mú Àánú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ.

Ohun kan tí dókítà sọ fún mi ló ń ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ bá sú mi. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún aláìsàn kan ní insulin, ní Toronto, ní Kánádà. Ọmọ ọdún 14 ni, Leonard Thompson. Ṣáájú rẹ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ní àrùn yìí kò ní ohun tó lè ṣe ju kó máa wò ó lọ.

Kọ ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn lálẹ́ òní kí o yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ wò ó kí ó tó di ọjọ́ Ajé. Bèèrè lọ́wọ́ Àánú bí ara rẹ̀ ṣe máa ń rí tí ṣúgà bá wálẹ̀, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀. Tọ́pẹ́ ní kí n bi í bóyá ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà máa ń di omi.

Bá mi kí Bàbá Àánú.

Èmi ni tìrẹ,
Bíọ́lá